Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyá wa kọ owó tí a fún un: báwo ni a ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá wa, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, níbi tí wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà ní wọ́ọ̀dù náà tó tọ́jú wọn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n bí. Ó máa ń fi oríkì pè wọ́n kí ó tó yí wọn padà lórí ibùsùn, ó máa ń ṣàlàyé gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe fún wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè dáhùn, òun náà ló sì kọ́ àbúrò mi obìnrin bí a ṣe ń fún wọn lóúnjẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, a di owó sínú àpò ìwé fún un, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀. Bàbá wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn wọn títí di òní. Ṣé a ṣẹ nọ́ọ̀sì náà ni? Kí ni a lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ sì kú orí ire pé wọ́n padà wọlé. Ẹ kò ṣẹ nọ́ọ̀sì náà rárá, òun náà kò sì tàbùkù yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe fún Màmá ní pàtó. Ìdáhùn mi kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n n óò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, títí tí mo fi di alábòójútó wọ́ọ̀dù tí mo sì fẹ̀yìn tì, mo rí ọ̀pọ̀ ẹbí tí ọpẹ́ kún inú wọn, tí wọ́n gbàdúrà fún wa lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì gbé aláìsàn wọn lọ láìsí ìwé kankan tó fi hàn pé nọ́ọ̀sì kan ṣe iṣẹ́ rere ní wọ́ọ̀dù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó tó kọ̀, nítorí Bàbá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Karùn-ún rẹ̀ níbi tí òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ béèrè tàbí gba ohun ìní tàbí àǹfààní kankan, ìbáà jẹ́ fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, nítorí ohun tó ṣe tàbí ohun tó kọ̀ láti ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin náà kò gbàgbé àṣà wa: wọ́n fàyè gba ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìbátan àti ọ̀rẹ́, ní ìwọ̀n tí àṣà bá mọ̀ àti ní àkókò tí àṣà bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹbí aláìsàn tó ń kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀dù kò sí lára àwọn tí òfin pè ní ìbátan tàbí ọ̀rẹ́, bó ti wù kí ìfẹ́ tó wà láàárín wọn pọ̀ tó. Bí ẹnìkan bá fi ẹjọ́ nọ́ọ̀sì yín sùn nítorí àpò ìwé yẹn, bí ọkàn yín ṣe mọ́ tó kò ní gbà á sílẹ̀.

Bí mo ṣe mọ irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, mo rò pé ohun mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀ sí òfin. Ní wọ́ọ̀dù tí ibùsùn tẹ̀ lé ibùsùn, kò sí ohun tó pamọ́. Ọmọ tó jókòó ti ìyá tirẹ̀ ní ibùsùn kejì, tí kò tíì mọ ibi tí owó oògùn ọ̀la yóò ti wá, rí yín bí ẹ ṣe na àpò ìwé náà sí nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì bá gbà á, láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkígbà tí ọmọ yìí bá pe nọ́ọ̀sì tí nọ́ọ̀sì kò sì tètè dé, yóò máa rò pé nítorí àìlówó lọ́wọ́ òun ni. Kò ní lè sinmi mọ́ ní wọ́ọ̀dù náà. Mo ti rí ẹbí tó yá owó fún ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn, kìkì nítorí pé wọ́n rí i tí ẹlòmíràn fún nọ́ọ̀sì ní nǹkan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yín kọ owó yín, ó dáàbò bo àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí ibùsùn lẹ́yìn tí ẹ lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí ẹ sọ pé ó ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni ọpẹ́ yín yóò ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ẹ rí àánú nínú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìmọ̀ tó wà lábẹ́ àánú náà pẹ̀lú.

Ẹ ní ó máa ń yí Màmá padà lórí ibùsùn. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ kò lè yí ara rẹ̀ padà, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ojú kan ti ń ro òun. Egungun ìdí, ti ìgbáròkó àti ti gìgísẹ̀ yóò máa tẹ ẹran ara mọ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ibẹ̀, awọ ara yóò kọ́kọ́ pọ́n, yóò sì dá egbò tó lè jinlẹ̀ títí dé egungun bí a kò bá tètè kíyè sí i. Nítorí èyí ni a ṣe ń yí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì méjì, lọ́sàn-án àti lóru, tí a sì ń wo awọ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá yí i. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, kì í ṣe ti ẹnìkan, ó sì ń fa ẹ̀yìn dídùn fún ẹni tó bá ń dá a ṣe. Ní òru, nígbà tí nọ́ọ̀sì kò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn sì ń fẹ́ omi, tí ẹlòmíràn ń mí gúlegúle, ẹni tó bá rántí aago tí ó yẹ kí a yí ìyá yín, tó sì wá a lọ, ti ṣe iṣẹ́ ńlá tí ẹnikẹ́ni kò jí láti rí.

Ẹ ní ó ń fi oríkì pè wọ́n, ó sì ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bá rọ, apá òsì ọpọlọ ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni agbára ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aláìsàn lè gbọ́ ohun tí a ń sọ, kí ó sì yé e dé ìwọ̀n kan tàbí kí ó yé e pátápátá, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ronú nípa ìyá àgbà tó ti ń pàṣẹ nínú ilé láti ìgbà èwe yín, tí àwọn àjèjì wá ń ṣí aṣọ lára rẹ̀ tí wọ́n ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún láìsọ nǹkan kan fún un, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù á bà á, ojú á sì tì í. Nọ́ọ̀sì yín mọ̀ pé Màmá wà nínú ara yẹn, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Oríkì tó fi ń pè wọ́n, ó ní láti jẹ́ pé ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín ni, nítorí pé kò sí nínú fáìlì wọn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń mú kí ó ṣòro láti gbé nǹkan mì, tó fi jẹ́ pé omi tàbí ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó ń tìdí rẹ̀ yọ wà lára ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti la ọjọ́ àkọ́kọ́ já. Bí nọ́ọ̀sì náà bá kọ́ àbúrò yín pé kí Màmá jókòó dáadáa kí wọ́n tó jẹun, kí ṣíbí kéré, kí ó dúró títí wọn yóò fi gbé e mì kí ó tó bu òmíràn, kí ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ bóyá oúnjẹ kù síbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ, a jẹ́ pé ohun tó lè dá ẹ̀mí Màmá sí lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ kò ní sí nítòsí mọ́ ló kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín dẹ́kun ìlànà yìí nílé, títí tí dókítà yóò fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé Màmá kò ní egbò lẹ́yìn, òtútù àyà kò sì mú wọn? Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni ẹ ń dúpẹ́ fún. Bí oníṣẹ́ abẹ bá yọ kókó jáde, gbogbo ayé ni yóò rí kókó náà. Egbò tí kò dá, ta ni yóò rí i? Bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá ti dára tó ni ó ń pòórá tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé àfi kí ẹni tó wà níbẹ̀, tó sì rí i, kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà náà, ẹ kọ ọ́ sí Olórí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn náà. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ fún alábòójútó wọ́ọ̀dù, kí nọ́ọ̀sì náà lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Nítorí pé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ béèrè ọ́fíìsì SERVICOM, ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2004 láti máa mójú tó bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣe sí àwọn ará ìlú, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé lọ síbẹ̀, nítorí náà ọpẹ́ yín yóò ṣọ̀wọ́n láàárín ìwé wọn. Ní iṣẹ́ ìjọba, ohun tó bá wà nínú fáìlì ni àwọn tó ń gbé ènìyàn ga máa ń rí. Àdúrà ẹnu ọ̀nà ń dé ọ̀run, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kì í dé inú fáìlì.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Mo kọ lẹ́tà yìí láti dúpẹ́ nítorí ìtọ́jú tí ìyá mi rí gbà ní wọ́ọ̀dù yín láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì lágbájá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ òru nínú àwọn ọ̀sẹ̀ náà, kì í fi ọwọ́ kan ìyá mi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn. Ó ń yí wọn padà ní àkókò, ìyá mi sì kúrò ní ilé ìwòsàn láìní egbò kankan. Ó kọ́ àbúrò mi bí a ṣe ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì dúró wò ó títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe. A fún un ní owó, kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí sínú fáìlì rẹ̀.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní áńgẹ́lì, inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun nínú rẹ̀, nígbà tí ó sì lè ka gbólóhùn nípa oúnjẹ yẹn sí wọn létí ní ìpàdé wọ́ọ̀dù. Ẹ má fi àbùkù àwọn nọ́ọ̀sì yòókù gbé iyì rẹ̀ ga, nítorí òun àti wọn ni yóò jọ máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn. Bí Bàbá bá fẹ́ sọ tiwọn ní èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, kí Bàbá sì fọwọ́ sí i. Mo rò pé èyí ni yóò fún wọn ní ìsinmi ọkàn.

Ẹbí kan ní Amẹ́ríkà ti ní irú ìṣòro yín rí. Ọmọ wọn, J. Patrick Barnes, kú ní 1999 ní ẹni ọdún 33, nítorí àìsàn kan tó mú kí agbára tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ yí padà gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Nínú ọ̀fọ̀ náà, ohun tí wọn kò lè gbàgbé ni bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe tọ́jú ọmọ wọn pẹ̀lú ìyọ́nú, wọn kò sì rí ọ̀nà tó tó láti dúpẹ́. Wọ́n dá àjọ DAISY sílẹ̀, níbi tí aláìsàn àti ẹbí ti ń kọ ìtàn nọ́ọ̀sì tó ṣe wọ́n lóore, tí ilé ìwòsàn sì ń yan ẹni tí yóò gba ẹ̀yẹ láti inú àwọn ìtàn náà. Ère òkúta tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹ̀yà Shona ní Zimbabwe fi ọwọ́ gbẹ́ wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń gbà. Ètò yìí ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé tí ẹbí aláìsàn kọ sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún àwọn náà. Ìlànà ìwà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ là sílẹ̀ ní kí nọ́ọ̀sì kọ gbogbo ẹ̀bùn àyàfi èyí tó kéré gan-an, ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sì sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ aláìsàn rárá. Ṣùgbọ́n láti 2016, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń tún orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní èsì márùn-ún láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ aláìsàn sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, ìlà mẹ́rin láti ọwọ́ aláìsàn kan sì wúlò fún wọn ju ṣokoléètì lọ.

Nílé níbí, a mọ orúkọ àwọn aṣáájú. Kofoworola Abeni Pratt, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ̀n ní UCH Ìbàdàn, gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale láti ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Red Cross ti àgbáyé ní 1973, ó sì tọ́ sí i gidigidi. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tó ń yí ènìyàn padà lóru kò ní rí irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ gbà. Lẹ́tà yín nìkan ni yóò rí.

Bí owó yẹn bá ṣì ń wù yín láti ná, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ alábòójútó wọ́ọ̀dù ohun tí wọ́ọ̀dù ṣe aláìní. Ó lè jẹ́ aago ògiri, ìrọ̀rí, tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gbé e gba ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìwòsàn ni ẹ fún, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ má gbé àwòrán nọ́ọ̀sì náà sórí Facebook láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ríi dájú pé aláìsàn mìíràn kò hàn nínú àwòrán kankan tí ẹ yà ní wọ́ọ̀dù.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bò mọ́lẹ̀. Ọpẹ́ kò lè dípò owó oṣù. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀. Owó àjẹmọ́nú fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pín ṣe lọ́sàn-án àti lóru, owó aṣọ iṣẹ́, àti kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Àánú nọ́ọ̀sì yín lè tán bí ó bá ń dá ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ẹ sì lè fi gbólóhùn kan kún lẹ́tà yín pé ẹ rí i pé wọn kò pọ̀ tó ní òru. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu ẹbí aláìsàn tó ń dúpẹ́ wá, àwọn ọ̀gá máa ń fetí sí i.

Ní ìkẹyìn, ẹ gbé Màmá lọ kí i. Àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù máa ń rí aláìsàn nígbà tí nǹkan burú jù, a kì í sì í sábà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yọrí nílé. Ní ọjọ́ tí Màmá bá ní láti padà wá rí dókítà, ẹ pe wọ́ọ̀dù ṣáájú láti mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má lọ ní àkókò tí àwọn tó ń lọ sílé ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò ní ráyè yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó, kí ènìyàn má pọ̀ jù wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí Màmá kí i fúnra wọn, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń padà bọ̀ sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n sọ ọ́ bó ti wù kí ó pẹ́ tó, ẹ má bá wọn parí rẹ̀. Lẹ́tà ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ yẹn: ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí orúkọ wọ́ọ̀dù, ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣì wà lórí àbúrò yín dáadáa, nítorí òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn jù.